Orí Keje: Ẹ̀rọ Tuntun, Ọwọ́ Olùkọ́

Kò sí irinṣẹ́ kan nínú kíláàsì lónìí tí kò jẹ́ àjèjì nígbà tó kọ́kọ́ dé. Kí àwọn oníwàásù tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, àwọn ọmọ ilé-kéwú nílẹ̀ Yorùbá ti ń fi kálàmù àti tàdáwà kọ̀wé sójú wàláà. Bí ọmọ bá ti há èyí tó wà níbẹ̀ sórí, yóò fọ wàláà, wọn yóò sì kọ òmíràn fún un. Síléètì dé, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì dé, ìwé títẹ̀ náà dé. Lónìí, olùkọ́ tó bá wọ kíláàsì tí kò bá ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀ yóò pariwo pé òun kò rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó tún ń ka ṣọ́ọ̀kì sí ohun ìgbàlódé mọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifísàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń fi ilé-iṣẹ́ náà yangàn títí dòní, àmọ́ wọn kì í sábà rántí ọ̀kan pàtàkì lára ìdí tí ìjọba fi dá a sílẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ti kó ọmọ kún ilé-ìwé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn, olùkọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ kò sì tó. Wọ́n rò ó pé olùkọ́ kan tó dáńtọ́ lè dúró níwájú kámẹ́rà, kí àwọn ọmọ ní ìlú púpọ̀ sì gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n tẹlifísàn kò lè rí i pé ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ti ń tòògbé, kò sì lè bi í pé ibo ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún un. Iṣẹ́ yẹn ṣì kù sọ́rùn ẹni tó wà nínú kíláàsì.

Ní Amẹ́ríkà, Larry Cuban, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìtàn ẹ̀kọ́, gbé ìwé *Teachers and Machines* jáde ní 1986. Ó tọpasẹ̀ sinimá, rédíò àti tẹlifísàn nínú kíláàsì láti nǹkan bí 1920. Ibì kan náà ni gbogbo wọn já sí: àwọn aláṣẹ á fi ariwo gbé ẹ̀rọ dé, àwọn olùkọ́ á lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá yá, wọn á ní olùkọ́ ló ya ọ̀lẹ. Cuban rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Olùkọ́ ń wo iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ń wo aago, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ohun èlò náà yóò ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí òun bá nílò rẹ̀. Èyí tó bá yege ló ń mú lò. Ṣọ́ọ̀kì yege.

Ìdí nìyí tí orí yìí kò fi wá bá olùkọ́ wí. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rọ ló gbára lé olùkọ́, olùkọ́ kọ́ ló gbára lé ẹ̀rọ. Ìwádìí tó ti ilẹ̀ Peru, Kẹ́ńyà, Botswana, Tọ́kì àti ìlú Benin wá ló jẹ́rìí sí i.

Kọ̀ǹpútà pọ̀, ìṣirò kò yí padà

Ní nǹkan bí 2008, ìjọba Peru bẹ̀rẹ̀ sí í pín kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ètò tó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ètò yìí kan náà ti dé ọ̀dọ̀ wa: ilé-ìwé kan ní Galadima, ní agbègbè Àbújá, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 2007. Kọ̀ǹpútà tí Peru pín lé ní 800,000. Àwọn olùwádìí mú ilé-ìwé ìgbèríko tó lé ní 300, wọ́n fi àwọn tó ti gba kọ̀ǹpútà wé àwọn tí kò tíì gbà á lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15. Èsì wọn jáde ní 2012. Àwọn ọmọ ti mọ kọ̀ǹpútà lò, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in.

Kí ló fà á? Wọ́n pín ẹ̀rọ, wọn kò yí bí a ṣe ń kọ́ni padà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ gbà kéré, kò sì sí ohun tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí ti ọjọ́ Túsìdeè. Olùkọ́ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo Kísúmù ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ fún kí ọmọ kéékèèké lè mọ ìwé kà. Ní àwọn ilé-ìwé kan, ọmọ ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìkàwé. Ní àwọn mìíràn, olùkọ́ ni wọ́n fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ní ìsọ̀rí kẹta, àwọn alábòójútó tó máa ń wá bẹ olùkọ́ wò nínú kíláàsì, tí wọ́n sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ni wọ́n fún. Gbogbo ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìwé atọ́nà fún olùkọ́ àti ìwé kíkà fún ọmọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2016, ọmọ inú gbogbo wọn tẹ̀síwájú ju àwọn tí ètò náà kò kàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó gbówó lórí jù, kò mú èsì wá ju èyí tí wọ́n fi fún alábòójútó nìkan lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ran olùkọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ṣe iṣẹ́ tó tó èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe lọ́wọ́ ọmọ.

Ti Botswana rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020, wọ́n fi ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí fóònù lásán, irú èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni àwọn ìdílé kan gbà. Àwọn mìíràn gba àtẹ̀jíṣẹ́, olùkọ́ tún ń pè wọ́n lórí fóònù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ́sẹ̀, yóò ní kí òbí gbé fóònù sí ibi tí ọmọ ti lè gbọ́, wọn yóò sì jọ ṣe ìṣirò náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Àwọn tí a pè lórí fóònù ló tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún un ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Íńdíà, Nepal àti Philippines, ó sì ṣiṣẹ́. Kódà, nígbà tí àwọn olùkọ́ ìjọba fúnra wọn ń pè, èsì náà kò rẹ̀yìn. Ohun tó mú èsì wá ni ohùn olùkọ́ tó mọ ibi tí ọmọ yìí dé nínú ìṣirò, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

AI ní Tọ́kì, AI ní Benin

Ẹ̀rọ tó ń da ọ̀pọ̀ olùkọ́ láàmú jù lásìkò yìí ni AI, ẹ̀rọ tí a ń bi ní ìbéèrè tó ń dáhùn bí èèyàn. Ìbẹ̀rù méjì ló wà níbẹ̀: pé ọmọ yóò máa fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láìronú, àti pé lọ́jọ́ kan wọn kò ní nílò olùkọ́ mọ́. Ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, wọ́n fún nǹkan bí 1,000 ọmọ ilé-ìwé girama ní AI láti fi kọ́ ìṣirò. Ìsọ̀rí kan lè bi í ní ohunkóhun, yóò sì dá wọn lóhùn pátápátá. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ wọn fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dára ju ti àwọn tí kò ní in. Wọ́n wá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣe ìdánwò. Èsì wọn fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún burú ju ti àwọn tí kò fojú kan ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ti da ìdáhùn kọ láìkọ́ nǹkan kan. Ìsọ̀rí mìíràn lo AI tí olùkọ́ ti kọ ìtọ́ni sí: kò gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn, ó kàn lè júwe ọ̀nà, ó sì mọ àṣìṣe tí ọmọ sábà máa ń ṣe nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí dára ju ti ìsọ̀rí àkọ́kọ́ lọ nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Nítòsí wa, ní ìlú Benin, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Báńkì Àgbáyé dán ohun kan wò ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2024. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ SS1 ní ilé-ìwé ìjọba ń dúró lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí láti fi AI kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ méjì máa ń pín kọ̀ǹpútà kan. Olùkọ́ wà ní gbogbo ìjókòó: òun ló ń fún wọn ní kókó ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà àti ìbéèrè tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun ló ń rìn káàkiri, òun náà ló ń ní kí wọ́n dúró kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ètò náà parí, àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ, kì í ṣe nínú ìdánwò tí ètò náà ṣe nìkan, ó hàn nínú ìdánwò ilé-ìwé wọn pẹ̀lú.

Irú ẹ̀rọ kan náà ni. Níbi tí ọmọ ti dá wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Níbi tí olùkọ́ ti fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ ọ, ó di olùrànlọ́wọ́.

Ìdí tí àwọn olùkọ́ fi ń fà sẹ́yìn

Ní 1989, Fred Davis, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀rọ tuntun tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ohun méjì ló gbawájú: ṣé yóò wúlò fún iṣẹ́ mi, àti ṣé kò ní ni mí lára láti lò? Ó rí i pé èkíní lágbára ju èkejì lọ. Èèyàn lè fara da ẹ̀rọ tó le lò díẹ̀ bó bá rí èrè rẹ̀. Kò sí bí ó ṣe rọrùn tó, ẹ̀rọ tí kò wúlò fún un yóò di ohun ìgbàgbé.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí a ti ń tan kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bí a ṣe ń tẹ̀wé, lẹ́yìn náà bí a ṣe ń pa á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń pín ìwé-ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó bi olùkọ́ pé, "Kí ló ń dà yín láàmú jù nínú kíláàsì yín?" Bí olùkọ́ kan tó ní ọmọ 60 nínú kíláàsì bá dáhùn pé máàkì ìwé ni, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lórí iṣẹ́ kò fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá rí i níbi tó ti ń wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ mọ bí a ṣe ń tẹ fóònù. Kò mọ ìbéèrè tó yẹ kí a bi í, kò mọ ìgbà tí ìdáhùn tó jáde jẹ́ irọ́, kò sì mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi mọ ìdá nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá yín so wáyà, kí ẹ̀yin sì máa darí ẹ̀kọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Iná tí kò dúró, dátà tó wọ́n àti owó oṣù tó pẹ́ kì í ṣe àwáwí. Òótọ́ ni wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ìmọ̀ràn tó kàn yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ní lápò: fóònù kan.

Fóònù kan, kíláàsì kan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ kíláàsì kẹrin: èwo ló tóbi jù nínú 1/2, 1/3, 1/4 àti 1/8? Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò mú 1/8, nítorí wọ́n mọ̀ pé 8 ju 2 lọ. Bí ẹ bá ní kí wọ́n nawọ́, àwọn mélòó kan tó máa ń nawọ́ lójoojúmọ́ ni yóò dáhùn, àwọn tó kù yóò fara pamọ́ sẹ́yìn wọn.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ Plickers. Ẹ̀yin yóò tẹ káàdì jáde sórí bébà, ẹ óò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Káàdì náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin: A, B, C àti D. Ọmọ yóò yí i títí ìdáhùn tirẹ̀ yóò fi wà lókè, yóò sì gbé e sókè. Ẹ ó fi kámẹ́rà fóònù yín wo kíláàsì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, orúkọ àti ìdáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì jáde. Ọmọ kankan kò nílò fóònù. Ẹnìkan kò sì lè jí ti ẹnìkejì wò, nítorí àwòrán orí káàdì wọn kò jọra. Bí dátà kò bá sí lọ́jọ́ náà, ẹ gé páálí, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i, kí ẹ fi ojú lásán kà á.

Bí ìdajì kíláàsì bá mú 1/8, ẹ má tíì sọ ìdáhùn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, kí ó sọ ìdí tó fi mú èyí tó mú, kí wọ́n sì tún dìbò. Ohun tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1991. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣì rántí ibi tó ti rú òun lójú, ìdí nìyí tí àlàyé rẹ̀ fi máa ń yé ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá gé búrẹ́dì kan sí méjì, kí ẹ gé irú rẹ̀ sí mẹ́jọ, kí wọ́n fi ojú rí i.

Ìbéèrè kúkúrú báyìí ń ṣe ju kí a mọ ẹni tó gbà á lọ. Ó ń mú kí ọ̀rọ̀ dúró lọ́pọlọ. Nínú ìwádìí tí Roediger àti Karpicke, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2006, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kọ́. Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan, wọ́n sì fi ìgbà mẹ́ta tó kù dán ara wọn wò láìwo ìwé. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan yí padà: àwọn tó dán ara wọn wò rántí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn akàtúnkà rántí 40. Fóònù tó ń bá olùkọ́ béèrè ìbéèrè márùn-ún lówùúrọ̀, tó sì ń bá a máàkì rẹ̀, ti gbé ìwádìí yìí wọ kíláàsì láìsí pé ó fi kún iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni WhatsApp. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ náà fún àwọn òbí. Ẹ ṣe é ní Yorùbá. Ètò ọdún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń tajà lọ́jà yóò gbọ́ ohùn náà, yóò sì lè bi ọmọ rẹ̀ lálẹ́.

Ìkẹta wà fún ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kolibri. Ẹ lè lọ gba ẹ̀kọ́ àti fídíò rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù kan níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé, láptọ́ọ̀pù náà á pín in fún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì inú yàrá láìná kọ́bọ̀ dátà. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde fún ọmọ girama àgbà ní 2013 tẹ̀ lé irú èrò yìí: ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Mímọ ẹ̀rọ lò kan ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ gan-an. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo ìdánwò UTME ti JAMB ń wáyé. Ọmọ tó bá jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ di asin kọ̀ǹpútà mú ń ṣe ìdánwò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan sì ni wọ́n ń fún un ní máàkì lé lórí.

Ibi tó yẹ kí a ṣọ́ra sí

AI máa ń fi ìdánilójú sọ irọ́. Bí ó bá bá yín kọ nóòtì ẹ̀kọ́, ẹ kà á látòkè délẹ̀, pàápàá ibi tí ọdún, orúkọ àti ìtàn ilẹ̀ wa bá wà, nítorí ohun tó kà nípa wa kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe kó orúkọ, èsì ìdánwò tàbí fọ́tò àwọn ọmọ lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí fóònù jáde nígbà tí iṣẹ́ bá pè é, kí ó sì padà sínú àpò bí iṣẹ́ bá parí: ìròyìn UNESCO ti 2023 lórí ẹ̀kọ́ ṣèkìlọ̀ pé fóònù tó kàn wà nítòsí ọmọ lásán ń fa ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àti aláṣẹ, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ bi olùkọ́. Owó sọ́là kan tó ń gba iná sí fóònù olùkọ́ àti owó dátà oṣooṣù lè ṣe ju yàrá kọ̀ǹpútà tí ẹ fi àgádágodo tì pa lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ẹ mú ohun kan tó ń dà yín láàmú nínú kíláàsì, ẹ wá ẹ̀rọ kan tó lè bá yín gbé e, kí ẹ lò ó fún odidi sáà kan kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí kò bá ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ jù ú nù láìtijú. Bí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ kọ́ olùkọ́ tó wà ní kíláàsì kejì.